Ta Ni Ọjọ́ Ìsinmi Wà Fún? Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Kan nínú Bíbélì Yorùbá àti Pípa Á Mọ́ Láyé Òde Òní

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti yẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wò. Ọ̀rọ̀ náà ni 'ọjọ́ ìsinmi', tàbí 'ọjọ́ ìsimi' gẹ́gẹ́ bí àwọn Bíbélì àtijọ́ ti kọ ọ́. Ó ṣòro láti rí ọmọ Yorùbá tí ó gba ilé-ìwé tàbí ilé ìjọsìn kọjá tí kò mọ̀ ọ́n. Ó wà nínú òfin mẹ́wàá tí ọ̀pọ̀ wa kọ́ sórí ní kékeré. Ó wà nínú orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ó sì wà lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka iye ọjọ́ tí ó kù kí ilé-ìwé gba ìsinmi. A mọ ọ̀rọ̀ náà débi pé a kò bi í léèrè ohunkóhun mọ́.

Àwọn aṣelámèyítọ́ wa ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí oríkì, ìjálá, ẹsẹ Ifá, ìtàn àròsọ àti eré onítàn. Bíbélì Yorùbá kì í sábà rí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà lára àwọn ìwé tí ó fi ẹsẹ̀ àkọtọ́ èdè wa múlẹ̀. A kà á sí ìwé ìgbàgbọ́, a sì fi í sílẹ̀ fún àwọn oníwàásù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni ìtumọ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ bá yàn lónìí ni ọmọ-ọmọ ẹni tí ó kà á yóò fi ronú lọ́la.

Èrò tí a ó gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà 'ìsinmi', gẹ́gẹ́ bí a ti ń lò ó lónìí, gbé ìdajì ohun tí òfin náà ń sọ jáde, ó sì bo ìdajì kejì mọ́lẹ̀. Ìdajì tí ó bò mọ́lẹ̀ náà ni ayé òde òní nílò jù lọ. A ó kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, lẹ́yìn náà òfin fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ohun tí àṣà Yorùbá mọ̀ nípa dídá iṣẹ́ dúró, kí a tó wá fi gbogbo rẹ̀ wo ìgbésí ayé wa.

2. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ògbufọ̀ yàn

Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ bíbí Òṣogùn, ni ó léwájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Ní ọdún 1821 ni ogun kó o lẹ́rú. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun àwọn olówò ẹrú. Ní 1822, ọkọ̀ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn yòókù sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró. Ìwé tí ó fi to ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ jáde ní 1843. Ìtumọ̀ Ìwé sí àwọn ará Róòmù jáde ní 1850. Wọ́n fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Òun nìkan kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Thomas King àti àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run mìíràn bá a lọ́wọ́ sí i, odidi Bíbélì sì wà lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Kókó tí a fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn ni pé ẹni tí ó ti ṣẹrú rí ni ó ṣáájú àwọn tí ó wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún òfin kan tí a fi lélẹ̀ fún àwọn tí ó ti ṣẹrú rí. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Nínú èdè Hébérù, 'shabbat' ni a ń pe ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá a tan túmọ̀ sí 'ṣíwọ́', 'dáwọ́ dúró', 'dẹ́kun'. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa àárẹ̀. Nínú ìwé Jóṣúà orí 5, ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kan náà ni a fi sọ pé mánà kò rọ̀ mọ́ nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jẹ irè ilẹ̀ Kénáánì. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó rẹ mánà. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 8, òun náà ni a fi sọ pé ọ̀sán àti òru kò ní dẹ́kun níwọ̀n ìgbà tí ayé bá ṣì wà. Nítorí náà, nígbà tí orí 2 ìwé kan náà bá sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe ní ọjọ́ keje, ohun tí ó ń sọ ni pé ó dáwọ́ dúró. Iṣẹ́ ti parí. Ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn amòfin Júù kò ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Nínú Míṣínà, tí a ṣe àkójọ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, wọ́n ka oríṣi iṣẹ́ mọ́kàndínlógójì tí kò tọ́ ní ọjọ́ náà: ìtúlẹ̀, ìfúnrúgbìn, ìkórè, ṣíṣe búrẹ́dì, ìhunṣọ, ìkọ̀wé, dídá iná àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá gbé àga wúwo láti igun yàrá kan lọ sí ìkejì kò rú òfin yìí; ẹni tí ó bá kọ lẹ́tà méjì péré sílẹ̀ ti rú u. Bí ó bá jẹ́ àárẹ̀ ni òfin náà ń wò, ìdàkejì ni ì bá jẹ́.

Nínú Yorùbá wa ńkọ́? 'Ó rẹ̀ mí, mo fẹ́ sinmi' ni a máa ń sọ. Àárẹ̀ ni ó ń ṣáájú ìsinmi lọ́kàn wa. Ẹni tí ó bá kú lẹ́yìn àìsàn gígùn, a ní ó ti lọ sinmi. Bí a bá wá ka òfin náà pẹ̀lú èrò yìí lọ́kàn, ohun tí a ó gbọ́ ni pé kí ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́fà lọ na ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀. Ìmọ̀ràn ìlera ni yóò dà, irú èyí tí dókítà lè gbà wá, tí a sì lè kọ̀ bí ara wa bá ṣì le.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe dá ògbufọ̀ lẹ́bi ju bí ó ti yẹ lọ. Ìyá tí ó bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó sinmi ariwo kò rò pé ariwo ti rẹ ọmọ náà. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí ó dákẹ́. Ìtumọ̀ 'dáwọ́ dúró' wà nínú 'sinmi' nígbà náà, ó kàn sùn ni. Àwa tí a jogún ọ̀rọ̀ náà ni a jẹ́ kí ó sùn.

Àwọn ọ̀rọ̀ méjì mìíràn tí ó bá a rìn tún fi hàn pé etí àwọn ògbufọ̀ náà dá ṣáká. Àkọ́kọ́ ni 'yà sí mímọ́'. 'Yà' ni a fi ń ṣe ìyàtọ̀ láàárín nǹkan méjì, bí ìgbà tí a bá ya irúgbìn ọdún tí ń bọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a ó jẹ. Ìkejì ni 'pa mọ́'. Ohun tí a kò bá fẹ́ kí ó sọnù tàbí kí olè gbé ni a ń pa mọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó dúró fún un ní Hébérù ni èyí tí a ń lò fún ẹni tí ń ṣọ́ nǹkan. Ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ yìí bí ni pé: lọ́wọ́ ta ni a ní kí a pa ọjọ́ náà mọ́? Ta ni ó fẹ́ gbé e lọ?

3. Ohun tí òfin náà ń sọ

Ibi méjì ni òfin yìí ti hàn nínú ìwé Mósè, ìdí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a sì fún un. Nínú Ẹ́kísódù orí 20, ìdí rẹ̀ ni ìṣẹ̀dá: Ọlọ́run ṣe iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, ó sì dúró ní ìkeje. Nínú Diutarónómì orí 5, a kò mẹ́nu ba ìṣẹ̀dá rárá. Ìdí tí a fún un níbẹ̀ ni pé ẹrú ni ẹ̀yin náà jẹ́ ní Íjíbítì, Ọlọ́run ni ó sì fi ọwọ́ agbára yọ yín.

Ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí àwọn tí òfin náà dárúkọ. Ìwọ, ọmọ rẹ ọkùnrin, ọmọ rẹ obìnrin, ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ ọkùnrin àti obìnrin, ẹran ọ̀sìn rẹ, àti àlejò tí ó wà nínú ibodè rẹ. Ìyàwó kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà. Nínú Hébérù, ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ náà dojú kọ. Nínú Yorùbá, 'ìwọ' kò mọ akọ, kò mọ abo. Bí obìnrin Yorùbá bá ka 'ìwọ', òun náà ni a ń bá wí. Èdè wa ti fi ẹ̀tọ́ kan fún un níhìn-ín láìpariwo.

Ohun tí ó tún ṣe pàtàkì ni pé Diutarónómì sọ ìdí tí ọmọ-ọ̀dọ̀ fi gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀: kí òun náà lè sinmi bí ìwọ. Níbí yìí, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ìsinmi gan-an ni Hébérù lò, kì í ṣe 'dáwọ́ dúró' nìkan. Ìyàtọ̀ náà ṣe kedere. Ẹni tí ó ní àṣẹ ni a ní kí ó dáwọ́ dúró. Ẹni tí kò ní àṣẹ ni yóò tipa bẹ́ẹ̀ rí ìsinmi. Nígbà tí ìtumọ̀ wa fi 'sinmi' kan ṣoṣo rọ́pò méjèèjì, okùn tí ó so ọwọ́ ọ̀gá pọ̀ mọ́ ara ọmọ-ọ̀dọ̀ já. Ó wá dà bí ẹni pé oníkálukú ni ó ń sinmi fún ara rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ì bá yé bí Crowther. A kò sọ pé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó kọ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí a ti so mọ́ ẹlòmíràn ní ọ̀dọ́ mọ̀ pé kì í ṣe ẹrú ni ó ń pinnu ìgbà tí yóò jókòó.

Àwọn wòlíì náà mọ ẹni tí ó fẹ́ gbé ọjọ́ náà lọ. Nínú Ámósì orí 8, àwọn oníṣòwò ni wòlíì náà bá wí. Wọn kò ṣí ìsọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn wọn ń ka wákàtí tí yóò parí kí wọ́n lè padà sídìí ọkà, kí wọ́n dín òṣùwọ̀n kù, kí wọ́n bù kún owó, kí wọ́n sì fi òṣùwọ̀n èké rẹ́ aláìní jẹ. Wọ́n pa ọjọ́ mọ́ lójú, wọn kò pa á mọ́ lọ́kàn. Nínú Nehemáyà orí 13, gómìnà náà rí àwọn tí ń fún wáìnì àti àwọn tí ń di ẹrù lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó sì rí àwọn ará Tírè tí ń ta ẹja. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ní kí a ti ilẹ̀kùn ìlú. Àwọn oníṣòwò sùn sẹ́yìn odi lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó lé wọn lọ. Ìtàn yìí kọ́ wa pé ọjọ́ ìsinmi nílò ilẹ̀kùn àti ẹni tí yóò tì í. Ìfẹ́ inú ẹnì kan ṣoṣo kò tó.

4. Dídá iṣẹ́ dúró nínú àṣà wa

Kò yẹ kí a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Yorùbá kò mọ ọjọ́ tí a yà sọ́tọ̀ kí ìwé tó dé. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni àwọn baba wa ń kà, tí wọ́n ń pè ní ọrún nítorí pé wọ́n ń ka ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Olórìṣà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí ó ń ṣe ọ̀sẹ̀ òrìṣà rẹ̀ pẹ̀lú obì àti omi tútù. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ ẹnì kan kì í dá ọjà ìlú dúró. Olórìṣà yóò bọ, aládùúgbò rẹ̀ yóò máa bá iṣẹ́ lọ.

Ohun tí ó máa ń dá gbogbo ìlú dúró ni ìséde. Bí Orò bá jáde, ọ̀nà a dá páropáro, ìsọ̀ a tì, obìnrin a wọlé. Ìdádúró ni èyí, ó sì lágbára. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni ó ti wá, ìbẹ̀rù ni ó sì ń mú un dúró. A kò ṣe é kí ara lè tu obìnrin tí a sé mọ́lé.

Àwọn Mùsùlùmí ní Jímọ̀. Súrà kejìlélọ́gọ́ta nínú Àlùkùráánì pàṣẹ pé kí wọ́n fi káràkátà sílẹ̀ nígbà tí a bá pe ìrun Jímọ̀, ó sì yọ̀ǹda pé kí wọ́n túká lọ wá oore Ọlọ́run lẹ́yìn ìrun. Wákàtí díẹ̀ ni, kì í ṣe odidi ọjọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti rí ọjà tí àwọn oníṣòwò fi aṣọ bo ọjà wọn tí wọ́n sì lọ kírun mọ̀ pé òwò lè dúró kí ayé má bàjẹ́.

Ìdádúró tí ó tóbi jù lọ tí ọ̀pọ̀ wa fojú rí ni ti kónílé-ó-gbélé ọdún 2020. Láti alẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹta ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ kí Èkó, Ògùn àti Àbújá dúró sílé nítorí àrùn Kòrónà. Ìlú dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó ti dúró fún olówó oṣù kọ́ ni ó dúró fún alágbàṣe. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń wọlé sinmi. Ẹni tí ó ń jẹ ohun tí ó bá rí lóòjọ́ jókòó ti ìkòkò òfìfo. Ohun tí ó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn.

Ọgbọ́n tí a rí kọ́ nínú gbogbo èyí ni pé ìdádúró nìkan kì í ṣe ìsinmi. A gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tí ó pa á láṣẹ, ìdí tí ó fi pa á láṣẹ, àti ẹni tí yóò ru owó rẹ̀.

5. Ọjọ́ ìsinmi láyé òde òní

Orúkọ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ọjọ́ keje ni Sátidé, tí àwa ń pè ní Àbámẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Kírísítẹ́nì yí ìsìn wọn sí ọjọ́ àjíǹde Olúwa. Ní ọdún 321, Kọnsitantíìnì ọba Róòmù sọ ọ́ di òfin pé kí adájọ́ àti ará ìlú sinmi ní ọjọ́ oòrùn. Ó sì yọ àgbẹ̀ sílẹ̀ kí ó má bàa pàdánù àkókò oko. Nígbà tí ìgbàgbọ́ dé ilẹ̀ wa, 'ọjọ́ ìsinmi' di orúkọ mìíràn fún Ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí D. C. Babcock, òjíṣẹ́ ìjọ Seventh-day Adventist, wá tẹ̀dó sí Èrúnmu lẹ́bàá Ìbàdàn ní 1914, ó bá ọ̀rọ̀ náà nílé ẹlòmíràn. Títí di òní, ọmọ ìjọ yìí tí ó bá ń sọ Yorùbá gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ọjọ́ tí ó ń wí nígbàkígbà tí ó bá dárúkọ ọjọ́ ìsinmi.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan. Sátidé ni a dìbò ààrẹ ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1993. Sátidé náà ni ti ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 2023. Ẹni tí ó ń pa ọjọ́ keje mọ́ ní láti wọn ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú àti àṣẹ ìgbàgbọ́ lórí ìwọ̀n kan náà. Sátidé náà ni ọjọ́ òwàǹbẹ̀. Ẹni tí a pè wá jẹun rò pé ìsinmi ni òun wà. Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé: alásè kò sùn mọ́jú, onílù ti ń lù láti ọ̀sán, ọmọ tí ń fọ abọ́ kò mọ iye ẹni tí ó ti jẹun.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé Kírísítẹ́nì kan ní ọjọ́ Àìkú, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀. Ọmọ-ọ̀dọ̀ jí ní agogo mẹ́rin ìdájí. Ó lọ aṣọ, ó pọn omi, ó wẹ àwọn ọmọ. Ìdílé lọ sí ilé ìsìn. Bóyá ó bá wọn lọ, bóyá ó dúró ti ilé. Nígbà tí wọ́n dé, ìrẹsì ti jiná. Wọ́n jẹun, wọ́n sùn lọ́sàn-án. Ó ń fọ ìkòkò. Ní ìrọ̀lẹ́, baba ilé dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìsinmi ọjọ́ náà, òótọ́ sì ni ó sọ, nítorí pé ó sinmi. Bí 'ìsinmi' bá jẹ́ ìtura fún ẹni tí ó rẹ̀, baba yìí ti pa òfin mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé kí ọ̀gá dáwọ́ àṣẹ rẹ̀ dúró kí ọmọ-ọ̀dọ̀ lè sinmi bí i tirẹ̀ ni, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó sì mú ọ̀rọ̀ náà gún ni lára ni pé Bíbélì Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ àjèjì pe ọmọbìnrin náà. 'Ọmọ-ọ̀dọ̀' ni òfin wí, 'ọmọ-ọ̀dọ̀' ni a ń pè é nílé. A ń ka orúkọ rẹ̀ sókè lójú rẹ̀ a kò sì gbọ́.

Fóònù ti mú kí ilẹ̀kùn Nehemáyà ṣòro láti tì. Láyé àtijọ́, ọ̀gá tí ó bá fẹ́ bẹ akọ̀wé rẹ̀ níṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú ní láti rán ẹnì kan dé ilé rẹ̀. Lónìí, ó tẹ ọ̀rọ̀ sórí WhatsApp láti orí ibùsùn, ó sì padà sùn. Òun sinmi, ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sí ni kò sinmi mọ́. Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ Ajé ti ṣe ohun kékeré tí ó jọ títi ilẹ̀kùn ìlú.

Òfin ìjọba kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí a ṣe ní 1974, sọ pé òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi wákàtí mẹ́rìnlélógún gbáko nínú ọjọ́ méje. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá Adell Sherbert láre ní 1963. Ọmọ ìjọ Adventist ni obìnrin yìí. Ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ní South Carolina ni ó ti pàdánù iṣẹ́ nítorí pé kò ṣiṣẹ́ ní Sátidé, ìpínlẹ̀ náà sì kọ̀ láti fún un ní owó ìrànwọ́ aláìníṣẹ́. Ní 2023, nínú ẹjọ́ Gerald Groff, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ pé ìnira kékeré kò tó fún agbanisíṣẹ́ láti fi kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ yọ̀ǹda ní 1994 pé kí àwọn ìsọ̀ ńláńlá ṣí fún wákàtí mẹ́fà ní ọjọ́ Àìkú. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí èyí gbà lọ́wọ́ wọn.

Àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ẹni tí ó ń bèèrè ọjọ́ tirẹ̀ ni wọ́n gbè. Òfin Mósè gba ọ̀nà kejì wọlé. Kò dúró de ìgbà tí ọmọ-ọ̀dọ̀ yóò pe ẹjọ́. Ọ̀gá ni ó bá sọ̀rọ̀.

6. Àtakò àti ìdáhùn

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí le jù. Ta ni yóò tọ́jú aláìsàn? Ta ni yóò ṣọ́ ìlú? Ìdáhùn èyí ti pẹ́. Àwọn amòfin Júù gbà pé ìgbàlà ẹ̀mí borí ọjọ́ ìsinmi. Nínú Máàkù orí 2, Jésù sì kọ́ni pé nítorí ènìyàn ni a ṣe dá ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì tí ó ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú kò rú òfin, bí a bá fún un ní ọjọ́ mìíràn.

Àtakò kejì wúwo ju ìyẹn lọ. Ìran tiwa gbà pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Ọmọ ilé-ìwé kọ́ ewì J. F. Ọdúnjọ lórí iṣẹ́ kí ó tó mọ orúkọ ìlú rẹ̀ kọ, a sì ń sọ fún un pé ọwọ́ tí ó bá dilẹ̀ ni èṣù ń yá lò. Báwo ni a ó ṣe sọ fún ọlọ́kadà, tàbí obìnrin tí ó ń kiri ẹ̀kọ, pé kí ó jókòó ní ọjọ́ kan nínú méje? Ebi kò mọ ọjọ́ ìsinmi.

Ẹ̀kọ́ inú Ẹ́kísódù orí 16 ni ó dáhùn. Kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó gba òfin ní Sínáì ni a ti kọ́ wọn ní ìlànà mánà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kó ìwọ̀n ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kẹfà, ìlọ́po méjì ni wọ́n rí kó. A kò ní kí ẹnikẹ́ni dáwọ́ dúró lórí ikùn òfìfo. Oúnjẹ ọjọ́ keje ti wà nínú iṣẹ́ ọjọ́ kẹfà kí àṣẹ ìdádúró tó dé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń san owó tí kò tó jẹ fún ọjọ́ mẹ́fà, tí ó sì ń sọ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó lọ sinmi ní ìkeje, ìséde ni ó ṣe fún un. Aláìní tí kò lè dúró kọ́ ni ó rú òfin. Àwa tí a kò jẹ́ kí ó ní ìlọ́po ọjọ́ kẹfà ni òfin ń wò.

Abraham Joshua Heschel, onímọ̀ ẹ̀sìn Júù tí a bí ní Poland tí ó sì fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé, ṣe ìwé kan lórí ọjọ́ náà ní 1951. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé inú àkókò ni ohun mímọ́ yìí wà, kì í ṣe inú ilẹ̀ tàbí ilé. Àlàyé náà ràn wá lọ́wọ́, nítorí pé àkókò ni ohun kan ṣoṣo tí a pín dọ́gba fún ọ̀gá àti ọmọ-ọ̀dọ̀. Wákàtí mẹ́rìnlélógún ni ti oníkálukú. Bí ọ̀kan bá wá ní ọjọ́ tí ó pọ̀ ju ti èkejì lọ, ara èkejì ni ó ti mú un.

7. Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ògbufọ̀ wa yàn kò burú, ṣùgbọ́n ìlò wa ti sọ ọ́ di kékeré. A kò dábàá pé kí a yọ 'ọjọ́ ìsinmi' kúrò nínú Bíbélì. Ó ti di ara èdè wa. Ohun tí a ń dábàá ni pé kí olùkọ́, oníwàásù àti òǹkọ̀wé máa fi 'ìdáwọ́dúró' ṣe àlàyé rẹ̀, kí wọ́n sì máa ka òfin náà dé ìparí, níbi tí a ti dárúkọ ọmọ-ọ̀dọ̀ àti àlejò. Àwọn tí yóò tún Bíbélì túmọ̀ lẹ́yìn ọ̀la lè wá ọ̀nà tí 'dáwọ́ dúró' àti 'sinmi' yóò fi dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní àyè wọn.

Yálà Sátidé ni a yàn ni o, yálà Àìkú ni, ìbéèrè kan náà ni yóò kàn wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kì í ṣe bí ara ṣe tù wá tó. Ìbéèrè náà ni pé: ta ni ó jókòó lónìí nítorí pé àwa dáwọ́ dúró? Bí a bá wo ẹ̀yìnkùlé tí a kò rí ẹnì kan tí ó jókòó, a ti sinmi lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò tíì pa ọjọ́ náà mọ́.